Oṣù mẹ́fà ò ní sọ General di Honorable: èsì fún ọmọ wa tó ṣe sójà Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o mà. Houston ni mò ń gbé. Green card ni mo fi wọ Army ní 2017, ibẹ̀ náà ni mo ti di citizen. Wọ́n rán wa lọ sí Afghanistan ní 2019, àtìgbà tí mo ti dé ni mi ò ti lè sùn dáadáa mọ́, mo wá ń pẹ́ dé formation, ìyẹn ibi tí sójà ti ń tò sílà láàárọ̀, èmi àti sergeant kan tún jọ fa ọ̀rọ̀, wọ́n fún mi ní Article 15, ìyà tí ọ̀gá ń fi jẹ sójà láìdé kóòtù, lẹ́ẹ̀mejì, ní 2021 wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Discharge, ìyẹn ìwé ìkúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, Dishonorable ni wọ́n fún mi, ohun tó wà nínú ìwé ni "under honorable conditions, general". Mo fẹ́ lọ ka nọ́ọ̀sì báyìí, school ní GI Bill, owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún àwọn tó ti ṣe sójà, ò ní sanwó fún mi. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní General máa ń yí padà di Honorable fúnra ẹ̀ tó bá ti pé oṣù mẹ́fà, pé tèmi há sínú kọ̀ǹpútà ni, òun mọ èèyàn ní Pentagon tó lè tú u sílẹ̀, 2,500 dọ́là ni. Mo ti san 800, mo sì ti fún wọn ní ìwé mi. Ṣé ó máa ṣe é ṣe? Ṣé wọ́n ò ní gba citizen lọ́wọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dárúkọ mi.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, kí n tó sọ ohunkóhun, má san 1,700 tó kù yẹn. Má fi kọ́bọ̀ lé e. Àwọn tó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yìí ti pọ̀ débi pé inú ti ń bí mi sí i, torí náà tó o bá rí i pé ohùn mi le, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá jà.

Kò sẹ́ni tó fún ẹ ní Dishonorable. Mú DD-214 ẹ, ìyẹn ìwé tí wọ́n fún ẹ lọ́jọ́ tó o kúrò, kó o wo àpótí 24. Tó ò bá rí àpótí 24 níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀dà kúkúrú ló wà lọ́wọ́ ẹ, èyí tí wọ́n kọ Member-1 sí nísàlẹ̀, Member-4 ni kó o wá. General ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ fúnra ẹ ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Dishonorable, kóòtù àwọn ológun ló ń fún èèyàn, general court-martial, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá a lẹ́bi ọ̀ràn ńlá. Ìwọ ò dé kóòtù kankan, àwọn ọ̀gá ẹ ló buwọ́ lùwé pé kó o máa lọ. General ló tẹ̀ lé Honorable gan-an, Other Than Honorable sì tún wà nísàlẹ̀ tìẹ. Má máa fẹnu ara ẹ pe ara ẹ ní ohun tí ìjọba ò pè ẹ́, pàápàá níwájú ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́.

School ò purọ́ fún ẹ ṣá o. Post-9/11 GI Bill ò gba General, Honorable ló fẹ́. Àmọ́ ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn VA, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yáwó VA láti fi ra ilé, General ò dí èyíkéyìí nínú wọn lọ́nà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ti fi àwọn nǹkan yìí sílẹ̀ látọdún 2021 torí o rò pé wọ́n ti lé ẹ dànù.

Ó yá, oṣù mẹ́fà. Irọ́ gbuu ni. Kò sí nínú Army, kò sí nínú Navy, kò sí nínú Marines, kò sí nínú Air Force, kò sì fìgbà kankan sí. Discharge kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kó sínú àpò tó ń pọ́n fúnra ẹ̀. Fi ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀ fún ogún ọdún, General náà lo máa bá níbẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo tó máa ti yí padà ni pé ọ̀nà kan tó ṣí sílẹ̀ fún ẹ lónìí á ti dí. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó ń ka oṣù fún sójà tó ti lọ sílé, torí náà tìẹ ò lè há síbì kankan. Bọ́ọ̀dù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí máa ń gbé ìdájọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ orúkọ èèyàn kúrò, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Lọ kà á. Wà á rí àwọn bàbá tó jagun Vietnam níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣàlàyé pé wọ́n sọ fáwọn pé tó bá ti pé oṣù mẹ́fà á di Honorable, àwọn sì dúró, dúró, dúró, títí irun fi funfun. Èsì kan náà ni Army ń fún gbogbo wọn, pé àwọn ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀, àwọn ò sì ní in rí, ẹjọ́ kálukú làwọn ń gbé yẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ibo ló ti wá? Ronú sí ọjọ́ tí wọ́n ń lé ẹ, o jókòó síwájú tábìlì ẹnì kan, ò ń fọwọ́ síwèé, wọ́n ń gbé òmíì wá, ó ti sú ẹ, o kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni, ẹni tó jókòó síwájú ẹ náà fẹ́ kó o tètè ṣe tán, á ní "fọwọ́ sí i jàre, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà o lè ní kí wọ́n yí i padà". O lè ní kí wọ́n yí i padà! O tiẹ̀ lè béèrè lọ́jọ́ kejì. Ohun tí etí tó ti rẹ̀ gbọ́ ni pé wọ́n á yí i padà. Òmíì lára àwọn tó ń sọ ọ́ sì rèé, kò mọ̀ pé irọ́ ni, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun náà ló ń sọ ọ́. Ti bọ̀dá yín ló yàtọ̀, ẹni tó bá ti dárúkọ Pentagon tó tún dárúkọ owó nínú gbólóhùn kan náà, o ò gbọ́dọ̀ jókòó tì í.

Bó ṣe ń lọ gan-an rèé. Fọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ DD-293, ọ̀fẹ́ ni, Army Discharge Review Board lo máa fi ránṣẹ́ sí, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì ni òfin fún ẹ láti ọjọ́ tó o kúrò, tìẹ di 2036. Ẹni tí tiẹ̀ bá ti kọjá ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí tí general court-martial ló lé e, DD-149 ni tiẹ̀, bọ́ọ̀dù míì tó ń tún àkọsílẹ̀ ológun ṣe ló ń lọ, ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ àmọ́ wọ́n lè fojú fo ìyẹn tí wọ́n bá rí ìdí.

Ohun tó ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú ni pé ìwọ ni wọ́n gbé ẹrù ẹ̀rí lé lórí. Bọ́ọ̀dù á kọ́kọ́ gbà pé ohun tí Army ṣe dára, o máa wá fi hàn yálà pé wọn ò tẹ̀ lé òfin ara wọn, tàbí pé wọ́n tẹ̀ lé òfin lóòótọ́ àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ ti le jù. Ẹni tó bá kọ "mo ti yí padà, ẹ ṣàánú mi, ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ" sínú fọ́ọ̀mù, tí kò fi nǹkan kan tì í lẹ́yìn, ó kàn fi sítáǹpù ṣòfò ni. Wọ́n máa ń wo ìgbé ayé èèyàn lẹ́yìn tó kúrò o, àmọ́ ìyẹn nìkan kì í sábà gbé e.

Ohun tó o sọ kọjá wéré nínú lẹ́tà ẹ lèmi rí. Pé o dé láti Afghanistan, o ò lè sùn mọ́, o wá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ṣé o ò pẹ́ kó tó dìgbà yẹn? Ẹjọ́ ẹ wà níbẹ̀. Ní September 2014, Chuck Hagel tó ń darí ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà yẹn kọ̀wé sáwọn bọ́ọ̀dù yìí pé tó bá ti kan PTSD, ìyẹn àìsàn ọkàn tí ohun tójú èèyàn rí lójú ogun ń fi sílẹ̀ sí i lára, kí wọ́n máa fi ojú àánú wò ó, ní August 2017 wọ́n tún là á yé wọn sí i, wọ́n fi TBI, ìyẹn kí ọpọlọ fara gbọgbẹ́, kún un, wọ́n fi ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ kún un. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n máa bi ara wọn: ṣé nǹkan kan ṣe ẹ́, ṣé ìgbà tó o wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe ẹ́, ṣé òun ló fa ìwà tí wọ́n torí ẹ̀ lé ẹ, ṣé ó sì wúwo ju ohun tó o ṣe lọ. Ìkẹta ni kó o lo agbára ẹ lé lórí, torí ọ̀pọ̀ á mú ìwé dókítà wá pé àwọn ní PTSD, wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, wọn ò ní so ó mọ́ ọjọ́ tí wọ́n pẹ́ dé formation.

Mi ò sọ pé o ní PTSD o, èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì tíì rí fáìlì ẹ, torí náà má mú ohun tí mo kọ síbí lọ síwájú ẹnikẹ́ni pé lọ́yà ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo mọ bí a ṣe ń ṣe nílé wa. Èèyàn á ní òun ò rí oorun sùn, wọ́n á ní kó lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tó bá ní òun fẹ́ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n á ní ṣé ó ti fẹ́ ya wèrè ni. Gbààwẹ̀ tó o bá fẹ́. Lẹ́yìn náà kó o lọ sí Vet Center ní Houston níbẹ̀, kò sówó, ẹni tó bá ti dé ojú ogun ni wọ́n wà fún, ohun tó o bá sì bá wọn sọ, wọn kì í sábà gbé e fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé o fọwọ́ sí i.

Tí dókítà ò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀ nígbà tó o wà ní bárékè, kò tíì bàjẹ́. Bọ́ọ̀dù ń gba ẹ̀rí ìyàwó, ẹ̀rí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ gbé yàrá, ẹ̀rí ara ìwọ náà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà pásítọ̀ olójú ìwé mẹ́ta tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ pé "ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó ń san ìdá mẹ́wàá, ó ń bá wa tò àga", ẹ fi sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gé e kù sí ìlà mẹ́ta. Irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ rèé, kí ìyàwó ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí lójú ẹ̀: "Kó tó lọ, òun ló ń jí mi láàárọ̀. Nígbà tó dé, á dìde ní aago méjì òru, á lọ wo bóyá ilẹ̀kùn tì, á tún lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, orí àga níwájú ilẹ̀kùn ni mo ti ń bá a tí oorun gbé e lọ ní aago márùn-ún, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n sì ń retí ẹ̀ ní formation." Ẹni tó bá ka ìyẹn, kò tún sí ohun tó fẹ́ kí lọ́yà ṣàlàyé fún òun.

Nǹkan míì táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: sọ fún wọn pé kí wọ́n yí àpótí 28 náà padà. Ìdí tí wọ́n fi lé ẹ ló wà níbẹ̀, tìẹ á jẹ́ "Pattern of Misconduct", ìyẹn ìwà àìtọ́ lemọ́lemọ́, tàbí ohun tó jọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ àpótí 24 lókè di Honorable tí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbà ẹ́ síṣẹ́ ní ọsibítù á kà á ni. "Secretarial Authority", èyí tí kò dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ni kó o bèèrè fún.

Ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé nìkan gbọ́ ẹjọ́ ẹ, torí tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, o ṣì lè ní kí wọ́n jẹ́ kó o bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú, tí ìyẹn náà ò bá bọ́ sí i, DD-149 ṣì wà. Ó máa pẹ́, ó lè ju ọdún kan lọ, wọ́n sì ń kọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, mi ò lè ṣèlérí fún ẹ. Kò sí lọ́yà tó lè ṣèlérí fún ẹ. Èmi náà ń gbowó iṣẹ́ mi o, àmọ́ o ò nílò èmi kó o tó lè ṣe é: American Legion àti DAV, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ti ṣe sójà lọ́wọ́, àtàwọn ilé ẹ̀kọ́ òfin tó ń gba ẹjọ́ sójà lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Fáìlì ẹ ni kó o kọ́kọ́ bèèrè fún, fọ́ọ̀mù SF-180 ló ń gbé e wá, gbogbo fáìlì náà, má jẹ́ kí wọ́n fún ẹ ní DD-214 nìkan.

Ní ti citizen, fọkàn balẹ̀. Ẹni tó fi iṣẹ́ ológun di ọmọ ìlú, tí wọ́n wá lé e pẹ̀lú Other Than Honorable tàbí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pé ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, òun ni òfin sọ pé wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. General ò sí nínú ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọlé nígbà tí wọ́n ń wá àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú MAVNI, ètò tí ológun Amẹ́ríkà fi gba àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè tí wọ́n nílò, tí tiyín bá jẹ́ Other Than Honorable, ẹ má gbọ́ ti Facebook, ẹ wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìmígíréṣọ̀n lónìí.

Ó ku ọ̀rọ̀ bọ̀dá yín. Tó bá gbé DD-214 tuntun tí wọ́n kọ Honorable sí wá fún ẹ lọ́sẹ̀ méjì, má gbà á, má sì gbé e lọ school, ayédèrú ni, òfin ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe é àtẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Tó bá jẹ́ pé Zelle lo fi san 800 yẹn, pe báǹkì ẹ kó o sọ fún wọn pé wọ́n lù ẹ́ ní jìbìtì, bóyá wọ́n á rí i gbà padà, bóyá wọn ò ní rí i. Èyí tó ń já mi láyà ju 800 lọ ni pé o ti fún un ní DD-214 ẹ, nọ́ńbà Social Security ẹ àti ọjọ́ ìbí ẹ sì wà nínú ẹ̀. Lọ sórí Equifax, Experian àti TransUnion lálẹ́ òní kó o ti credit ẹ pa, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ ẹ yáwó, kò sówó, kó o tó sùn.