Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Àǹtí Onígéèmù: Ṣé Kí N Bẹ̀rẹ̀ Destiny 2?

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Manchester kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní kí n wá bá òun gbá Destiny 2. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Bọ́ọ̀lù nìkan ni mo máa ń gbá lórí PS4 àlòkù tí mo ní. Àwọn kan ní kò sí géèmù ìbọn tó dùn tó o, àwọn mìíràn ní ó ń jẹ owó àti àsìkò bí ikán. Ta ni kí n gbà gbọ́?
*Ọmọ Òṣogbo*

ÌDÁHÙN: Gba àwọn méjèèjì gbọ́, àbúrò mi. Láti 2014 tí Destiny àkọ́kọ́ ti jáde ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi í sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo padà.

Ìbọn yíyìn inú rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Bungie tó ṣe é ló ṣe Halo, géèmù ìbọn tó lókìkí, ọwọ́ wọn mọ ìbọn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Dreg, àwọn ọmọ ẹ̀yìn inú ẹ̀yà Fallen tí wọ́n gé ọwọ́ ìsàlẹ̀ wọn. Bó o bá yìn ín lórí, orí á fò lọ, èéfín funfun á máa tú láti ọrùn rẹ̀ bí ìgbà tí táyà bá ń jò, nọ́ńbà tó ń fò sókè láti sọ bí ọta rẹ ṣe wọlé tó á sì di yẹ́lò. O ò ní fẹ́ dúró. Páàdì ni mo ń tún ṣe ní ìsọ̀ mi ní Bódìjà. Bí wọ́n bá gbé páàdì wá tí R2 rẹ̀, bọ́tìnì tí a fi ń yìnbọn, ti kú tí gbogbo ìyókù ṣì le koko, mo máa ń bi oníbàárà mi bóyá Destiny ló ń gbá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni loot, àwọn ẹrù tó ń bọ́ sílẹ̀ bó o bá pa ọ̀tá. Ó máa ń bọ́ bí òkúta tó ń tàn, engram ni wọ́n ń pè é, yẹ́lò sì ni ọba wọn. Ìbọn kan náà, orúkọ kan náà, lè bọ́ fún ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, kí tiẹ̀ máa ṣe ohun tí tìrẹ kò lè ṣe, torí perk inú wọn, àwọn agbára àfikún tí ìbọn ń ní, yàtọ̀. Bí òkìríkà ni: ẹ jọ tú béèlì, òun fa ṣẹ́ẹ̀tì tuntun yọ, ìwọ mú èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ ti já. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan sí i" títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibẹ̀ náà ni àìsàn rẹ̀ wà.

(Mi ò tíì dárí ji ara mi. Ọ̀sẹ̀ kejì tí Destiny àkọ́kọ́ jáde, Xûr, oníṣòwò tó ń dé lọ́jọ́ Jímọ̀, gbé ìbọn rọ́kẹ́ẹ̀tì Gjallarhorn wá, ẹyọ owó 17 péré. Owó wà lọ́wọ́ mi, mo ní kí ni mo fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe, mo di owó mi mọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ẹni tí kò ní Gjallarhorn fi di ẹni tí wọn kì í fẹ́ mú lọ sójú ogun.)

Ibi tí kò lẹ́gbẹ́ sí ni raid, iṣẹ́ ẹni mẹ́fà. Vault of Glass, tí wọ́n dá padà sínú Destiny 2 ní 2021, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní òpin rẹ̀, Atheon, ọ̀gá àwọn ọ̀tá ibẹ̀, á gbá àwọn kan nínú yín mú lọ sí ìgbà mìíràn. Àwọn tó kù lẹ́yìn ló máa ṣílẹ̀kùn fún wọn, àwọn náà ló máa ké sí wọn èwo nínú àwọn ohun tó ń tàn níbẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yìn. Bí ẹnì kan bá panu mọ́, gbogbo yín kú. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ohùn ọkùnrin Scotland kan tí mi ò mọ̀ rí lóru ọjọ́ kan, títí dòní mo lè dá ohùn rẹ̀ mọ̀ láàrin ọjà.

Ṣùgbọ́n kò sí dídúró díẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí gbígbá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Iwájú Atheon la wà nígbà tí iná lọ ní àdúgbò wa. Ínfátà gbé tẹlifíṣọ̀n, ó gbé PS4. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò sí lórí ínfátà ni mo ki ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì bọ̀. Orúkọ ẹranko ni wọ́n fi ń pe ọ̀pọ̀ àṣìṣe nínú géèmù náà: Weasel, Beaver, Baboon. Èmi àti Baboon la jókòó tí à ń wo ara wa.

Ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ, òótọ́ ni dé ààyè kan. Láti oṣù kẹwàá 2019 ni ẹnu ọ̀nà ti di ọ̀fẹ́. Àwọn yàrá inú ilé ni wọ́n ń tà. Èyí tó bí àwọn èèyàn nínú jù ni ti oṣù kọkànlá 2020: wọ́n yọ Red War, ìtàn tí wọ́n tà ní 2017, wọ́n kó Mars, Io, Titan àti Mercury, àwọn ayé tí à ń lọ nínú géèmù náà, lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní géèmù náà ti tóbi jù. Forsaken, ìtàn mìíràn tí wọ́n tà, tẹ̀ lé e ní 2022. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn kò ní yọ irú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó dé lónìí dà bí àlejò tó dé àpèjẹ nígbà tí wọ́n ti jẹun tán, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí kò ṣojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àsìkò ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwa, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pa ìgbáradì ẹgbẹ́ akọrin jẹ nítorí rẹ̀. Mo parọ́ pé ọ̀fun ló ń dùn mí.

Bó o bá máa bẹ̀rẹ̀, wá àyè: lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, 105 GB ni wọ́n ní kéèyàn fi sílẹ̀, nítorí náà lo dátà òru, kó o sì yọ bọ́ọ̀lù kan kúrò. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà tàbí Xbox, ẹ ṣì lè jọ gbá a. Má ra nǹkan kan títí yóò fi mú ọ la Vault of Glass kọjá. Tí ẹnu rẹ bá ṣì ń dá tọ́mi lẹ́yìn ìyẹn, dúró de ìgbà tí wọ́n bá dín owó, kó o sì rà á sórí ẹ̀rọ tó o máa lò pẹ́, torí ohun tó o rà lórí PlayStation kò ní bá ọ lọ sórí kọ̀ǹpútà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún mẹ́sàn-án, ń gbá Destiny 2 yìí kan náà lórí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀. Ṣé kò burú?
*Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ó kéré sí i. Ní Yúróòpù, ọdún 16 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 13. Ìbọn rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù tó ohùn àwọn àgbà tí ẹ ò mọ̀ tó ń wọ etí ọmọ náà, ẹ ní kí bàbá rẹ̀ pa ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ sísọ. Silver náà wà níbẹ̀, owó inú géèmù tí wọ́n ń fi owó gidi rà. Ẹ yọ káàdì ATM yín kúrò lára ẹ̀rọ náà lálẹ́ òní.