Abẹ́rẹ́ ìsanra, dókítà orí fóònù, owó oṣooṣù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Òkèṣà ni mò ń gbé n'Ílẹ̀ṣà, aṣọ ni mò ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà. Àtìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi ni mo ti ń sanra ṣáá, mo ti wọn 100 kílò báyìí, orúnkún ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo wá rí àwọn dókítà kan lórí fóònù, wọ́n ní kí n ṣá ti kọ fọ́ọ̀mù, kí n máa san 180,000 náírà lóṣù, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ Ozempic ránṣẹ́ láti Èkó, wọ́n á sì máa yọ owó lára káàdì ATM mi fúnra wọn. Ọkọ mi ní 419 ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ìyá Aláṣọ

Ìdáhùn: Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Mi ò lè pè é ní 419, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ yín ò ṣàìnídìí. Dókítà orí fóònù wà lóòótọ́, ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ torí káàdì ọsibítù á mọ̀ pé ìtura ni. Fọ́ọ̀mù yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó máa kọ abẹ́rẹ́ yìí fún yín, ó yẹ kó rójú yín lórí fídíò, kó bi yín bóyá wọ́n ní jẹjẹrẹ thyroid (ti ọrùn) nínú ẹbí yín, bóyá pancreas (ẹ̀yà ara kan nínú ikùn) ti dà yín láàmú rí, bóyá ẹ ṣì ń rò ó láti bímọ, torí ó yẹ kéèyàn ti fi Ozempic sílẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán kó tó lóyún. Ẹ bèèrè orúkọ ẹ̀ àti nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀. Tó bá ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀, ẹ gé fóònù.

Kẹ́ ẹ tó sanwó kankan, ẹ lọ yẹ ṣúgà àti ìfúnpá wò ní Wesley Guild, ìtòsí yín náà ni. Torí kẹ́ ẹ lè mọ̀, oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni Ozempic, semaglutide tó wà nínú ẹ̀ náà ló wà nínú Wegovy tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìsanra lọ́dún 2021. BMI (bí kílò èèyàn ṣe bá gíga rẹ̀ mu) 30 sókè ni wọ́n ń wò, tàbí 27 téèyàn bá ní ìfúnpá gíga tàbí ṣúgà. Tẹ́ ẹ bá ga tó mítà 1.65, tiyín á sún mọ́ 37.

Owó wá ńkọ́? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín, ẹ mọ òṣómàáló, ó ń ta aṣọ láwìn, ó sì ń lóṣòó sílé onígbèsè títí owó á fi jáde. Àwọn wọ̀nyí ò ní wulẹ̀ lóṣòó, abẹ́rẹ́ dé o, kò dé o, wọ́n á ti yọ owó. Ẹ má fún wọn ní káàdì. Owó àyẹ̀wò nìkan ni kẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ fi tiráńsífà san án, kẹ́ ẹ gba ìwé oògùn, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ apòògùn tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ ná an níbi méjì mẹ́ta bẹ́ ẹ ṣe ń ná aṣọ, kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Tẹ́ ẹ bá ti kọ nọ́ńbà káàdì fún wọn, ẹ ní kí báńkì tì í lónìí, tí wọ́n bá ṣì ń yọ owó, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ń gba ẹjọ́ irú ẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n ní iye tí dóòsì ńlá jẹ́, torí 0.25 mg lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó máa ń gòkè, owó náà sì lè bá a gòkè. Níbi tí wọ́n ti dán semaglutide wò fún ọ̀sẹ̀ 68, àwọn èèyàn fi bí ìdá 15 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn fúyẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún kan lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ dúró, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà. 180,000 lọ́nà 12 jẹ́ 2,160,000. Tó bá jẹ́ owó oṣù mẹ́ta péré lọjà lè gbé, èmi ò ní bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, abẹ́rẹ́ mi bá mọ́tò dé Lágere láti Èkó, ó ti gbóná. Ṣé kí n jù ú sí fìríìsà? — Ọmọ Ifẹ̀

Ìdáhùn: Rárá o! Tó bá ti dì pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Inú fíríìjì ló ń gbé kẹ́ ẹ tó ṣí i, 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Tẹ́ ẹ bá ti ń lò ó, Ozempic lè wà níta fún ọjọ́ 56, tí ibẹ̀ ò bá ti gbóná ju 30 lọ, ẹ sì mọ bí oòrùn Ifẹ̀ ṣe máa ń rí tí ò bá síná. Èyí tó gbóná nínú mọ́tò yẹn, ẹ má gún un títí apòògùn á fi rí i. Tí omi inú ẹ̀ bá ti dúdú tàbí ó rú, ẹ má lò ó rárá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kúkú ti kìlọ̀ ní June 2024 pé ayédèrú Ozempic wà nílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí àti nọ́ńbà ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà, òun lẹ máa fi bèèrè owó yín.