Àbẹ́là tí ìyá ọkọ mi ní kí n tàn fún bàbá mi

Ọmọ mi ní Kraków,

Mo bá ọ kẹ́dùn bàbá rẹ tó jáde láyé ní Ìbàdàn lóṣù Kẹta, nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Pólándì, tí o kò sì lè wá bá wọn sin ín. O kọ̀wé pé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ìyá ọkọ rẹ kó gbogbo ilé lọ sí itẹ́ òkú, ó sì na àbẹ́là kan sí ọ pé kí o tàn án fún bàbá rẹ. O kọ̀, torí pé pásítọ̀ rẹ ti sọ fún ọ lórí fóònù pé ìbọ òkú ni. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín ìwọ àti màmá. O wá ń bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni ì bá jẹ́ ká ní o tàn án, àti bí o ṣe lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Àjọ̀dún Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ ni Ìjọ Àgùdà ń ṣe lọ́jọ́ náà; ọjọ́ kejì rẹ̀, tí àwọn ará Pólándì ń pè ní Zaduszki, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúrà lórí gbogbo olóògbé. Ọjọ́ kìíní yẹn ni ìjọba fi ṣe ọjọ́ ìsinmi, òun ló fà á tí èrò fi ń ya lọ sí itẹ́ òkú lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á fọ òkúta ojú oórì, tí wọ́n á gbá ewé gbígbẹ kúrò, kí wọ́n tó gbé òdòdó chrysanthemum àti àbẹ́là inú gíláàsì kalẹ̀. (Má fi òdòdó yẹn ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ níbẹ̀ o, òkú ni wọ́n ń rà á fún.)

Ọ̀rọ̀ pásítọ̀ rẹ ní ibi tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn Àgùdà gbà pé àdúrà alààyè ń ran ọkàn olóògbé lọ́wọ́ nínú pọ́gátórì, ibi tí wọ́n ní a ti ń wẹ ọkàn mọ́ kó tó wọ ọ̀run, ọ̀pọ̀ ìjọ mìíràn kò sì gba èyí gbọ́. Bí ìwọ náà kò bá gbà á gbọ́, má fi ẹnu gba àdúrà tí ọkàn rẹ kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó ti pè é ní ìbọ òkú ni mo ti ta kò ó. Ọmọ Ìbàdàn ni ọ́, o ti sá wọlé fún egúngún Olóòlù rí torí pé obìnrin kì í fojú kàn án, o sì mọ bí àwọn tó ń bọ egúngún ṣe ń bá ará ọ̀run sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń tọrọ ọmọ àti àlàáfíà lọ́wọ́ rẹ̀. Èwo nínú rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ ní kí o ṣe? Ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì tí o ní bàbá rẹ ń lọ títí dọjọ́ ikú, Áńgílíkà ni, àwọn náà sì ní ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ nínú ìwé àdúrà wọn.

Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ kí ọjọ́ náà ṣàjèjì sí ọ ni pé nílé wa, ọ̀pọ̀ wa kì í dá ọjọ́ láti lọ wo òkú. O kọ ọ́ fúnra rẹ pé iwájú ilé ni wọ́n sin bàbá rẹ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá tirẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń jókòó sórí táìsì ojú oórì rẹ̀ jẹ gúgúrú, tí wọ́n sì ń sá àgbàdo sí. Ẹni tí à ń kọjá lára rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, àbẹ́là wo la fẹ́ tàn fún un? Òkú àwọn ará Pólándì wà lẹ́yìn odi itẹ́ òkú, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wọ̀ lọ bá wọn. Ní báyìí, ìwọ náà ti di ẹni tí òkú rẹ̀ jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ o kò ní itẹ́ òkú kankan tí o lè wọkọ̀ lọ.

Mo rò pé ìyá ọkọ rẹ ti rí èyí ṣáájú rẹ. Ní ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú wọn, àgbélébùú ńlá kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń to àbẹ́là sí ìdí rẹ̀ fún àwọn èèyàn wọn tí wọ́n sin sí ọ̀nà jíjìn. Ogun àti lílé kúrò nílùú ti fọ́n òkú àwọn ará Pólándì káàkiri ayé, wọ́n sì mọ bó ṣe ń rí lára kí ènìyàn má lè dé ojú oórì bàbá rẹ̀. Obìnrin tó fi owó ara rẹ̀ ra àbẹ́là fún àna tí kò rí rí, ó ń kí ọ kú àráfẹ́rakù ni.

Nítorí náà, má rán ọkọ rẹ sí i. Lọ bá a fúnra rẹ, mú àwòrán bàbá rẹ dání, sọ orúkọ rẹ̀ fún un àti iṣẹ́ tó ṣe láyé, kí o sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ jọ padà síbẹ̀. Kò di ọdún tó ń bọ̀, torí wọ́n ń ta àbẹ́là náà lẹ́yìn àjọ̀dún pẹ̀lú. Bí àdúrà bá nira fún ọ, tàn án, kí o sì máa ki oríkì bàbá rẹ nígbà tí màmá bá ń gba àdúrà tirẹ̀.

Ní ti Ìbàdàn, ìsìn ìrántí ọdún kan ń bọ̀ lóṣù Kẹta, o sì ní ẹ̀gbọ́n rẹ ń tiraka láti fi táìsì sí ojú oórì. Bèèrè iye tó kàn ọ́, kí o tètè fi ránṣẹ́, kí o sì ní kí wọ́n pè ọ́ lórí WhatsApp lọ́jọ́ tí bíríkìlà bá dé, kí ó má jẹ́ pé fídíò iṣẹ́ tó ti parí ni wàá máa wò. Pásítọ̀ rẹ ńkọ́? Sọ fún un lẹ́yìn tí ìwọ àti màmá bá ti débẹ̀. Má tún bi í léèrè ṣáájú.