Ṣé dandan ni kí n ti gba admíṣọ́ọ̀nù kí n tó kọ fọ́ọ̀mù Chevening, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ranni lọ ka másítà nílùú Ọba?

Àbúrò mi, kì í ṣe dandan. Kọ́ọ̀sì másítà mẹ́ta lo máa mú sínú fọ́ọ̀mù, wàá sì fúnra rẹ lọ béèrè àyè lọ́wọ́ àwọn yunifásítì náà. Fọ́ọ̀mù yẹn ò nira. Fara balẹ̀ kọ ọ́, kó o sì wá ẹni méjì tó máa jẹ́rìí rẹ.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wàhálà wà. Wọ́n lè fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, kí wọ́n sì ní àwọn mú ọ, ṣùgbọ́n bí gbèdéke oṣù Keje bá kọjá tí o kò ní lẹ́tà ìgbaniwọlé tí kò ní "bí" nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní unconditional, ó tán nìyẹn. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Transcript, ìyẹn ìwé tó to gbogbo èsì ìdánwò mi ní yunifásítì, nìkan ni yunifásítì ìlú Ọba ń dúró dè. Láti oṣù Kejìlá ni mo ti sanwó rẹ̀ níléèwé tí mo ti jáde. Nígbà tó di oṣù Kẹta, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní kí n lọ sí dẹpátímẹ́ǹtì, dẹpátímẹ́ǹtì ní èsì ọdún kejì mi wà ní fákọ́tì, fákọ́tì ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú wà nípàdé. Lọ́jọ́ kẹrin, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Mò ń sunkún, ẹnikẹ́ni ò bi mí pé kí ló dé. Owó iléèwé, owó bàálù, owó oúnjẹ oṣooṣù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ san fún mi, gbogbo ẹ̀ lọ. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi transcript ránṣẹ́! Inú ṣì ń bí mi.

Lọ sanwó transcript rẹ lónìí. Máa tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, má gbọ́kàn lé "ẹ máa gbọ́ látọ̀dọ̀ wa".

Fọ́ọ̀mù Chevening kì í ṣe títà o. Ẹni tó bá ní kó o sanwó rẹ̀, olè ni. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ kọ àròkọ rẹ, torí wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jíjí ni. Ka wákàtí iṣẹ́ rẹ náà, 2,800 ni wọ́n ń béèrè. Ọdún méjì lo sì gbọ́dọ̀ lò ní orílẹ̀-èdè rẹ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, bá ìyàwó tàbí ọkọ rẹ sọ ọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo tún un kọ, transcript mi ti délẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó jáde. Oṣù Kejì ni lẹ́tà unconditional wọlé.