Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ètò o. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì ra éékà mẹ́ta létí omi lápá Ìlàjẹ, kí ẹ gbin pákí sí apá kan, kí ẹ sì sin àrọ̀ ní apá kejì. Ẹ ní oṣù Kejì lẹ lọ wò ó, ẹsẹ̀ yín ò rin. Ẹni tó ń tà á ní ilẹ̀ dúdú ni, ó lọ́ràá. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ mú dání ní kí ẹ ṣáà la gọ́tà, omi á ṣàn lọ. Ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí omi ń dé lójò, àti bóyá pákí á ṣe níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. "Kí ẹ ṣáà la gọ́tà" yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Ohun tí ọ̀gá kan tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ sọ fún èmi àti ìyàwó mi nìyẹn, ojú wa sì rí màbo.

Kí n kọ́kọ́ mú ti omi. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, oṣù Kejì sì ni ó máa ń takété jù. Ilẹ̀ etíkun tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ, omi ò rí ibi gbà. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ kí omi sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tí apá yín máa tó o. Tí òjò oṣù Kẹfà bá dé, omi abẹ́ ilẹ̀ á gòkè wá pàdé rẹ̀; á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ ò lè parẹ́ lára ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó mítà kan àbọ̀, ẹ fi àdá ha ara ògiri rẹ̀ kí ó mọ́, kí ẹ wá wo àwọ̀. Tó bá pupa tàbí tó rí rúsúrúsú látòkè dé ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀. Ibi tí àwọ̀ eérú bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ìpẹtà sì ń yí ihò gbòǹgbò ká, omi ń dé ibẹ̀, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀. Irin tó wà nínú ilẹ̀ ló ń fún un ní àwọ̀ pupa. Tí omi bá lé afẹ́fẹ́ jáde, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa lo irin yẹn dípò afẹ́fẹ́; irin á yọ́ bá omi lọ, àwọ̀ eérú á sì kù. Ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń gbà wọlé ni yóò ti tún dípẹtà. Sọ́féyọ̀ á gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín, kò ní sọ èyí. Ààlà ilẹ̀ nìkan ló wà nínú pílánù rẹ̀.

Ti dúdú yẹn ńkọ́? Dúdú kọ́ ni ọ̀rá. Ewé àti gbòǹgbò tó kú sínú omi kì í jẹrà tán, torí kò sí afẹ́fẹ́, wọ́n á kàn máa gun ara wọn. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un. Tí omi pupa bá ń ṣàn gba àárín ìka yín, tí fọ́nrán ewé sì kù ní àtẹ́lẹwọ́, irú ilẹ̀ yẹn á sún kì tí ẹ bá fa omi rẹ̀, á sì rọ̀ sísàlẹ̀ lọ́dọọdún. Gọ́tà tí ẹ là lónìí, ẹ ó tún un là.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Igi ẹ̀gbà ti wà níbi tí a rà rí, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn máa ń nàró nínú omi iyọ̀. Kùkùté wọn ṣì wà nílẹ̀, ọ̀gá náà rí wọn. Katapílà wọlé, ó gbẹ́ kòtò ẹja, ó kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sí bèbè. Ẹrẹ̀ náà rọ̀, àwọ̀ eérú ni, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ọ̀gá ní oòrùn á gbé òórùn náà lọ. Òótọ́ ni, oòrùn gbé e lọ. Bèbè wá ń sán, nǹkan yẹ́lò sì ń yọ nínú ibi tó sán. Omi kòtò mọ́ gaara, à ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń kí wa kú oríire. Ásíìdì ló mú un mọ́ bẹ́ẹ̀! Nígbà tí òjò ńlá kọ́kọ́ fọ bèbè sínú omi, ẹja léfòó, ikùn funfun bo ara wọn, ìjàgbọ̀n wọn tí wọ́n fi ń mí dé àwọ̀ ìpẹtà. Ọ̀gá ní àrùn ni, ó kọ oògùn. Ẹlòmíì dé, ó ní oúnjẹ ẹja ni kò dáa. A ra oògùn, a pààrọ̀ oúnjẹ, ẹja ń kú. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ki bébà pH bọ omi, bébà tí a fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Ọmọkùnrin tó ń ta ọmọ ẹja ló ṣe é: ó wà nísàlẹ̀ 4. Omi tí àrọ̀ ń fẹ́ wà láàárín 6.5 sí 8.5. A da láìmù, lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń pa ásíìdì, sí i, àpò lórí àpò. Omi á bọ̀ sípò, òjò á rọ̀, bèbè á tún tú ásíìdì sí i. Owó alájẹsẹ́kù la fi ṣe é. A ṣì ń san án nígbà tí kò sí ẹja kankan nínú omi mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò le láti yé ẹni tó kàwé rẹ̀. Imí ọjọ́ wà nínú omi òkun. Nínú ẹrẹ̀ ẹ̀gbà tí kò sí afẹ́fẹ́, imí ọjọ́ yìí á so mọ́ irin, wọ́n á di páíráìtì. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò ó, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ fa omi náà, kí afẹ́fẹ́ kàn án, á di irú ásíìdì tí wọ́n ń dà sínú bátìrì ọkọ̀, ásíìdì náà á sì yọ alumíníọ́ọ̀mù jáde lára amọ̀, èyí tó ń pa gbòǹgbò àti ẹja. Ní Casamance, ní gúúsù Senegal, ọ̀dá àwọn ọdún 1970 sọ ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì ẹ̀bá omi iyọ̀ di ásíìdì, àwọn àgbẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti wà nínú ìwé tipẹ́. Kí ló dé tí ẹni tí à ń sanwó fún láti mọ̀ ọ́n ò mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, ẹ bu ẹrẹ̀ ní gbogbo ìwọ̀n jíjìn tí kòtò ẹja yín máa dé, pàápàá ìsàlẹ̀. Ẹ wọn pH rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ike tí ẹ ò dé, kí ó máa tutù díẹ̀ ṣùgbọ́n kí omi má dúró lórí rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, 16 ló dára jù, kí ẹ tún un wọ̀n. Tó bá já wá sí 4 tàbí kó lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí katapílà débẹ̀. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ á ní àwọn míì ń bọ̀ wá rà á lọ́la. Kí wọ́n rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, ásíìdì yìí ń jẹ kọnkéré àti irin rẹ̀. Omi kànga ibẹ̀ náà, ẹ pọn ọ́n sínú ike funfun kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Tó bá pupa láàárọ̀, irin ló pọ̀ nínú rẹ̀, aṣọ funfun yín ò ní funfun mọ́. Apá Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà Lẹ́kkí yàtọ̀ díẹ̀, omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀ ni tiwọn, igi ọ̀gọ̀rọ̀ lẹ máa rí ju ẹ̀gbà lọ. Ewu ásíìdì kò tó ti ibi tí òkun ń wọ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó ń sún kì wà níbẹ̀ dáadáa.

Pákí tí ẹ béèrè, mo fẹ́ gbàgbé. Á jẹrà. Tí àwọ̀ eérú bá bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ dé ìdajì mítà, ẹ má fi igi pákí ṣòfò, ebè gíga pàápàá ò ní gbà á là nínú oṣù Kẹfà. Kókò àti ìrẹsì á gbà á. Tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata á ṣe lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ ti kó wọn kí òjò tó le. Ẹ má da yúríà sórí omi tó dúró, afẹ́fẹ́ ni púpọ̀ rẹ̀ máa bá lọ.

Tí ẹni tó ni ilẹ̀ ò bá gbà kí ẹ gbẹ́ kòtò wò, ẹ gbé owó yín lọ sókè, lápá Òkìtìpupa. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó pupa, pákí ń ṣe níbẹ̀. Ti ẹja, ẹ lè fi táńkì sìn ín.