Epo Tó Wà Nílẹ̀ Yàtọ̀ sí Epo Tí Wọ́n Ń Wà Jáde

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan ń kiri Ìsánlú níbí, ó ń ta ṣíà ilé iṣẹ́ kan tó ní àwọn ń wa epo rọ̀bì. Ó ní epo tó wà nílẹ̀ Nàìjíríà lé ní bílíọ̀nù 37 àgbá, pé èrè ò lè ṣàìwọlé. Ṣé kí n fi owó kajú ra díẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, n kò rí ìwé ilé iṣẹ́ yẹn, n kò sì lè ní kí o rà á tàbí kí o má rà á. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù 37 tó ń pariwo kiri, ti orílẹ̀-èdè ni, kì í ṣe tiwọn. Ó ń bí mi nínú pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Epo tí ìjọba kéde kì í ṣe epo inú táǹkì. Iye tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé wà jáde ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní àti iye tí epo ń tà báyìí. Bí owó epo bá já, iye náà lè dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀. Iṣu inú ebè kò tíì di iṣu ọjà.

Wo Fẹnẹsúẹ́là. Epo tí wọ́n kéde lé ní bílíọ̀nù 300 àgbá, kò sórílẹ̀-èdè tí tiwọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ lọ́dún 2023, ohun tí wọ́n ń wà lójúmọ́ kò tó mílíọ̀nù kan. Epo àgbègbè Orinoco níbẹ̀ ki bí ọ̀dà, àfi kí wọ́n fi epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pò ó kó tó ṣàn. Ẹ̀rọ wọn ti gbó, Amẹ́ríkà sì fòfin de ọjà wọn. Epo tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kéde kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ti Fẹnẹsúẹ́là, síbẹ̀ ohun tó ń wà lójúmọ́ ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 13 àgbá.

Iye tí wọ́n ń kéde pàápàá, fura sí i. Nígbà tí OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, ń pín iye tí kálukú lè wà jáde láàárín 1980 sí 1989, tí ẹni tó kéde púpọ̀ sì lè retí ìpín ńlá, Kuwait ṣàdédé gbé tirẹ̀ kúrò ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 67 sí ohun tó lé ní 90. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Bi ọkùnrin náà: kànga mélòó lẹ ní? Àgbá mélòó lẹ tà lọ́dún tó kọjá? Ta ló yẹ ìwé yín wò? Ṣé SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó títa ṣíà, mọ̀ yín? Bó bá tún fi bílíọ̀nù 37 dá ọ lóhùn, má fún un ní kọ́bọ̀.