Ìtúúbá lórí gbèsè ilé oní-èlé: ṣé dandan ni ká fi ìrun àti ọmọ san án?

ÌBÉÈRÈ

As-salaamu alaykum, Àlùfáà wa, ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́hun. Manchester ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni a bí. Lọ́dún 2019 a fi mọ́gèèjì ra ilé. Báǹkì oní-èlé ló yá wa lówó, ọdún 25 ni wọ́n ní ká fi san án. A ò wádìí nígbà yẹn. Ìgbà tí a gbọ́ wáàsí lórí èlé lọ́kàn wa ò balẹ̀ mọ́, a wá pinnu pé a ó san án tán láàárín ọdún mẹ́wàá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń gba iṣẹ́ alẹ́ mọ́ ti ọ̀sán báyìí, ọkọ mi sì ń wa takisí di òru. Ó di ìgbà tí mo bá délé kí n tó kó gbogbo ìrun mi kí. Àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wa. Owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìwó náà, a ti dá a dúró. Ṣé ìtúúbá wa tọ́ nígbà tí a ṣì ń san èlé? Àbí ká ta ilé náà? Ṣé ọ̀nà tí a sì gbé e gbà yìí tẹ́ Ọlọ́hun lọ́rùn?

ÌDÁHÙN

Wa alaykumu s-salaam wa rahmatullah. Arábìnrin mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbẹ̀rù tó wọ̀ yín lọ́kàn yẹn ti pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ èlé wúwo lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Nínú Súrà Al-Baqara, ẹsẹ 278 àti 279, Ó ní kí àwọn onígbàgbọ́ òdodo fi ohun tó bá ṣẹ́kù nínú èlé sílẹ̀, Ó sì kéde ogun lé ẹni tí kò bá gbọ́. Jábírù, ọ̀kan nínú àwọn sàhábé, náà gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Muslim, pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣépè fún ẹni tó ń jẹ èlé, ẹni tó ń san án, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì, ó ní bákan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń san án wà níbẹ̀, nítorí náà a ò lè ní báǹkì nìkan lọ̀rọ̀ kàn.

Ìtúúbá yín tọ́, pẹ̀lú àṣẹ Ọlọ́hun. Ohun tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ẹni tó bá túúbá gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀, báǹkì sì ń yọ owó lóṣooṣù. Ẹ wò ó dáadáa: ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn wáyé. Èyí tí ẹ ń san báyìí, òfin ìlú ló gbé e karí yín. Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, wọ́n á gba ilé, ìta ni àwọn ọmọ á bọ́ sí, èlé náà ò sì ní tìtorí ìyẹn parẹ́. Ohun tí Ọlọ́hun ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti wọ inú rẹ̀ ni kó kábàámọ̀, kó má tún dán irú ẹ̀ wò mọ́, kó sì máa wá ọ̀nà àtijáde níwọ̀n bí agbára rẹ̀ bá mọ. “Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun bí ẹ bá ṣe lágbára mọ,” ọ̀rọ̀ Rẹ̀ nìyẹn nínú Súrà At-Taghabun, ẹsẹ 16. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, nítorí orí rẹ̀ ni ìyókù ìdáhùn mi dúró lé.

Títa ilé ńkọ́? Àwọn onímímọ̀ ò fohùn ṣọ̀kan lórí irú ilé yìí. Lọ́dún 1999, ìgbìmọ̀ àwọn onímímọ̀ fún fátíwà (ìdájọ́ ẹ̀sìn) ní Yúróòpù jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbà pé Mùsùlùmí tí kò nílé, tí kò sì rí ọ̀nà hàlálì, lè fi mọ́gèèjì ra ilé tí òun àti ẹbí rẹ̀ máa gbé. Àwọn mìíràn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ẹni tó lè háyà ilé ò tíì dé ojú àìrójútùú. Èmi ò ní fi fátíwà yẹn rán ẹnikẹ́ni lọ fọwọ́ sí mọ́gèèjì oní-èlé lónìí. Àmọ́ ẹni tó ti wọ̀ ọ́, tó sì túúbá, n ò ní sọ fún un pé kó ta òrùlé orí ọmọ rẹ̀ kí Ọlọ́hun tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ máa gbé ilé yín.

Ọ̀nà kan wà tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó máa fi gbogbo oorun yín san gbèsè. Báǹkì tí kì í gba èlé wà ní Bìrìtìkó láti ọdún 2004, tí Islamic Bank of Britain bẹ̀rẹ̀. Al Rayan ni wọ́n ń pè é báyìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹ̀yin àti báǹkì á jọ ni ilé náà. Ẹ ó máa san owó háyà lórí ìpín tiwọn, ẹ ó sì máa ra ìpín náà díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi di tiyín. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí èèyàn san owó orí ilé fún ìjọba, òfin ọdún 2003 ló mú ìyẹn kúrò. Ó lè wọ́n díẹ̀ ju èyí tí ẹ ń san lọ, wọ́n á sì fẹ́ mọ iye tó ti jẹ́ tiyín nínú ilé. Ìgbà tí àdéhùn iye èlé tí ẹ wà nínú rẹ̀ báyìí bá parí ló dára jù láti kúrò, torí bí ẹ bá kúrò kó tó parí, báǹkì lè bu owó ìtanràn lé yín.

Bí ẹ bá ṣì wà nínú ti àtijọ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò, torí mo rò pé àìmọ ìṣirò yìí ló ń lé yín kiri. Ká ní pọ́n-ùn 200,000 lẹ jẹ, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ọdún 25. Ẹ ó máa san bí pọ́n-ùn 1,169 lóṣù. Nínú owó oṣù àkọ́kọ́, nǹkan bí 833 ni èlé, 336 péré ló kan ojú owó! Bó bá lọ bẹ́ẹ̀ dé òpin, èlé nìkan á lé ní pọ́n-ùn 150,000. Bí ẹ bá wá ń fi pọ́n-ùn 200 péré kún un lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, gbèsè náà á tán ní nǹkan bí ọdún 19, èlé tó lé ní pọ́n-ùn 40,000 ò sì ní tọwọ́ yín jáde mọ́. Pọ́n-ùn 200 lóṣù ò tó ohun tí ìyá ọmọ mẹ́ta ń torí rẹ̀ sun inú ilé ìtọ́jú lálẹ́.

Ẹ sọ fún báǹkì pé ọdún ni kí wọ́n fi àfikún náà dín kù, kì í ṣe iye tí ẹ ń san lóṣù. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé èló lẹ lè san kọjá iye oṣooṣù láìsí ìtanràn. Ọ̀pọ̀ àdéhùn gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tó kù lọ́dún kan. Bí ẹ bá ń dá àjọ pẹ̀lú àwọn ará ilé, èyí tí kò ní èlé nínú rárá, tí ó bá kàn yín, ẹ gbé e lọ sórí gbèsè náà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á. Àmọ́ ẹ má yá owó èlé níbòmíràn láti fi san eléyìí, ẹ má sì gbọ́n owó ọwọ́ yín dànù tán. Ẹ fi oúnjẹ àti owó ilé bí oṣù mẹ́ta pamọ́, torí bí àìsàn bá dé tí kò sí nǹkan nílẹ̀, inú èlé náà lẹ ó tún padà sí.

Ó wá kan ìrun, ibí yìí gan-an ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Súrà An-Nisa, ẹsẹ 103, sọ fún wa pé ìrun jẹ́ ọ̀ranyàn tí a dá àkókò fún. Ní Manchester nínú oṣù Kejìlá, oòrùn ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ọ̀sán tó lù. Ẹni tó wọṣẹ́ láàárọ̀ tó jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́, Àìlà, Àlàásárì àti Màgàríbì á wọlé bá a lẹ́nu iṣẹ́, àkókò Àìlà àti Àlàásárì á sì ti kọjá lọ kó tó délé. Kíkó wọn kí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í ṣe àkópọ̀ ìrun tí Ànábì fi hàn wá. Ìrun tó ti kọjá àkókò rẹ̀ lẹ ń san yẹn. Òótọ́ ni pé Ibn Abbas gbà á wá pé Ànábì pa Àìlà àti Àlàásárì pọ̀ nínú ìlú Mẹ̀dínà láìsí ìbẹ̀rù, láìsí òjò. Àwọn onímímọ̀ tó lò ó sọ pé fún ìnira tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ohun tí a ń sọ di àṣà ojoojúmọ́, inú àkókò ọ̀kan nínú méjèèjì náà sì ni a ti ń kí wọn. Ẹ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé àkókò ìsinmi yín sí ibi tó bá ìrun mu. Rakáà mẹ́rin ò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, nínú yàrá tí ẹ ti ń pààrọ̀ aṣọ náà ó ṣe é kí. Ṣíìfù, ìyẹn àkókò iṣẹ́, tí kò bá gbà yín láyè rárá, tó sì jẹ́ pé àfikún ni, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ọlọ́hun tó ṣe èlé léèwọ̀ náà ló dá àkókò fún ìrun.

Ní ti àwọn ọmọ, ìtàn Salmánù àti Abu Dardá, sàhábé Ànábì méjì, nínú ìwé hádíìsì Bukhari bá ọ̀rọ̀ yín mu. Salmánù lọ kí Abu Dardá, ó rí ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tó ti gbó, ìyẹn ní ọkọ òun ò fẹ́ nǹkan ayé mọ́. Ààwẹ̀ ló ń gbà lọ́sàn-án, ìrun ló ń fi òru kí. Salmánù mú kó jẹun, ó mú kó sùn, ìparí òru ló tó jí i, wọ́n jọ kírun. Ó wá sọ fún un pé Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, ara rẹ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ náà ní ẹ̀tọ́, fún oníkálukú ní tirẹ̀. Ànábì gbọ́, ó ní òótọ́ ni Salmánù sọ. Nàfílà (ìrun tí kì í ṣe ọ̀ranyàn) àti ààwẹ̀ nìyẹn o, wọn ò sì jẹ́ kó gba ẹ̀tọ́ ìyàwó ilé. Kí wá ni ṣíìfù? Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó, kí ẹ pín alẹ́ ọ̀sẹ̀ kí ọ̀kan nínú yín máa wà nílé lójoojúmọ́, kí ẹni náà jókòó ti àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kéwú. Bí ọdún mẹ́wàá tí ẹ fojú sùn bá di mẹ́rìndínlógún, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn yín nítorí ìyẹn.

Owó ìyá yín, ẹ dá a padà. Bí wọn ò bá ní ohun tí wọ́n fi ń jẹun, bíbọ́ wọn jẹ́ ọ̀ranyàn lórí ọmọ tó bá ní, àfikún tí ẹ ń san fún báǹkì kò sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Bí wọ́n bá ní ọmọ mìíràn tó ń gbọ́ bùkátà wọn, ẹ lè dín in kù, àmọ́ ẹ pè wọ́n kí ẹ ṣàlàyé fún wọn. Sáká náà wà níbẹ̀. Lójú ọ̀nà Màlíkì tí àwa ń tọ̀, ẹni tó bá jẹ gbèsè àmọ́ tó ní ohun ìní tó lè ká gbèsè náà, bí irú ilé yẹn, á yọ sáká lórí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá pé ìwọ̀n tí sáká fi ń di dandan, tó sì pé ọdún. Ẹ má fi mọ́gèèjì bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìní mọ́lẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ẹ ò béèrè. Nínú Súrà An-Nisa, kí wọ́n tó pín ogún, wọ́n á kọ́kọ́ yọ gbèsè, Ànábì sì sọ fún wa pé ọkàn onígbàgbọ́ wà ní síso mọ́ gbèsè rẹ̀ títí wọ́n á fi san án. Ẹ kọ wàsíyà (ìwé ìhágún), ẹ̀yin méjèèjì, kí iye tó kù, orúkọ báǹkì àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe nípa ilé náà wà nínú rẹ̀. Kó bá òfin Bìrìtìkó mu, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Bí ọmọ yín àgbà bá ti tó ẹni tí a ń sọ irú ẹ̀ fún, kó mọ ibi tí ìwé náà wà. Bí kò bá tíì tó, kí ọ̀kan nínú àwọn ẹbí tí ẹ fọkàn tán mọ̀ ọ́n.